Aró Ìyá Àgbà àti Awọ Àlùbọ́sà

Àlùbọ́sà ni mo ń bó lánàá, tí omi ń dà lójú mi bí ẹni tí wọ́n bú lójú ọjà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣa ọ̀kan nínú àwọn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà láàárín ìpele àlùbọ́sà. Ó nà án síwájú ojú bí ẹni tó wọ awò, ó ní, "Mọ́mì, mo ń rí yín o!" Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jù ú sílẹ̀ kí ó má baà ta á lójú, ṣùgbọ́n òórùn àlùbọ́sà yẹn ti gbé mi kúrò nílé ìdáná, ó ti gbé mi padà sí láàbù ilé-ìwé wa, níbi tí ọmọbìnrin méjìlélọ́gbọ̀n ti ń bó àlùbọ́sà lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wa ń sunkún, tí kò sì sí ẹni tó kú.

Ilé-ìwé wa wà lórí òkè kan lẹ́yìn Ṣàpọ́n. Kí èèyàn tó dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti mọ̀ pé abẹ́ òkúta lòótọ́ ni wọ́n ń gbé. Yàrá kan tí páànù rẹ̀ ń ta pàù pàù tí oòrùn bá mú ni wọ́n ń pè ní láàbù. Àwòrán egungun èèyàn kan wà lára ògiri rẹ̀, tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dé orúnkún. Sikírá, ọ̀rẹ́ mi, kì í kọjá láìkí i: "Bàbá, ẹ kú ìrìn o, ẹ máa rọra." Alángbá kan wà nínú ìgò, ó ti pẹ́ nínú oògùn débi pé ó ti funfun bí ẹ̀kọ. Ọba gbogbo wọn ni maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun tí ojú kò lè rí di ńlá. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní. Aṣọ ni wọ́n fi ń wé e bí ọmọ tuntun, èèyàn kò sì gbọdọ̀ sín nítòsí rẹ̀.

Àǹtí Bàọ́lọ́jì là ń pe olùkọ́ wa. Obìnrin kúkurú ni, tó máa ń rìn bí ẹni tó gbé omi ka iná tó fi ilé sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní tó wọlé wá bá wa, kò tilẹ̀ kí wa, ó kàn nawọ́ sí wa, ó ní, "Ohunkóhun tó bá ń mí, tèmi ni. Ẹ̀yin náà ń mí, àbí? Ó dáa. Tèmi ni yín."

Ṣé kí n wá parọ́ fún ẹ̀yin àbúrò mi pé gbogbo ohun tó kọ́ wa ló yé mi? Rárá o. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tó gùn ju ojú ọ̀nà Ìtòkú lọ lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ tó pè é dé ìparí, ẹ ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀! A gbin ẹ̀wà sínú ìgò pẹ̀lú òwú tútù, a ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ bí ẹni ń bẹ aláboyún wò. A mú ọ̀pọ̀lọ́ kan nínú kòtò ẹ̀yìn ilé-ìwé, Sikírá sì sọ ọ́ lórúkọ ọkọ àǹtí rẹ̀, nítorí ó ní bí ọkùnrin yẹn ṣe máa ń woni láìṣẹ́jú nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa pé igi dúró sójú kan, ó sì ń fi oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀, mo sáré délé lọ sọ fún ìyá àgbà mi. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, "Igi tí kò lẹ́sẹ̀ ń dáná, ìwọ tó o lẹ́sẹ̀ méjì, o ń dúró kí n bu oúnjẹ fún ọ."

Ìyá Àgbà yìí ló tọ́ mi. Àlhájà ni, aláró sì ni, ọmọ aláró, ọmọọmọ aláró. Ìkòkò aró mẹ́fà ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìtòkú, wọ́n ri wọ́n mọ́lẹ̀ títí dé èjìká. Ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n ń kó sínú wọn, wọ́n á da omi tí wọ́n sẹ́ láti inú eérú lé e, wọ́n á dé e pa fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé nǹkan kú síbẹ̀. Ìyá Àgbà á ní, kò sí ohun tó kú níbẹ̀ rárá, ohun tó wà láàyè ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Á ṣí ìkòkò, á wo bí ìfófòó ṣe ń ru sókè lójú aró, á dẹtí sí i, á ní, "Ó ń mí." Tí ìfófòó bá rọ̀, á ní ó ń ṣàìsàn, a ó sì fún un ní eérú díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lágbo.

Nílé wa, a kì í jà nídìí ìkòkò, a kì í sì í parọ́ níbẹ̀. Ìyá Àgbà gbà pé irọ́ a máa pa aró. Bí ìkòkò kan bá kọ̀ tí kò mú aṣọ mọ́, kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá èlú ló kéré tàbí eérú ló pọ̀jù. Á dúró láàárín àgbàlá, á gbọ́wọ́ lé ìbàdí, á ní, "Ta ló parọ́ níbí?" Ẹ̀rù á sì ba gbogbo wa, nítorí nínú ilé tí ọmọdé mẹ́sàn-án ń gbé, ó ṣòro kí ẹnì kan má ti parọ́.

Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ń parí lọ, Àǹtí kéde pé lọ́jọ́ Ẹtì, a máa fojú ara wa rí sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ni yàrá kéékèèké tí Ọlọ́run fi kọ́ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, láti orí àlùbọ́sà títí dé orí èmi àti ìwọ. Ó ní, "Ẹni tó bá rí i, tó sì yà á bó ṣe rí i, á bá mi lọ sí ọdún kejì. Ẹni tí kò bá rí i, kó gbé àga rẹ̀ lọ sí kíláàsì àáàtì. Kò sí ìjà."

Mi ò fẹ́ lọ sí àáàtì. Kì í ṣe pé wọn ò dára o, ọlọ́pọlọ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, láàbù yẹn nìkan ni ibi tí mo ti bèèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ẹnu mi ti pọ̀jù. Èmi náà sì ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù láàbù, èmi ọmọ Ìtòkú! Ọrùn ni mo ń fi kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń gbálẹ̀ láàbù nìkan, tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti nu eruku. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìgò áyódíìnì, omi aláwọ̀ tí a máa kán sórí awọ àlùbọ́sà, torí awọ náà mọ́ gaara bí omi, tí a kò bá fún un láwọ̀, ojú kò ní rí ohun kan nínú rẹ̀. Ẹ mọ ọmọ aláró. Ọmọ alápatà á wo màlúù tó ń jẹko, á ti fojú gé e sí wẹ́wẹ́. Ọmọ aláró kò lè rí omi aláwọ̀ kó má bi í pé, "Ìwọ, ṣé o máa ń mú aṣọ?"

Mo yọ áńkáṣíìfù funfun mi, èyí tí mo fi sítáàsì ẹ̀gẹ́ lọ̀ tó le gbagidi. Mo ní kí n kán ẹyọ kan péré sí i. Omi náà pupa bí omi obì, ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ sórí aṣọ báyìí, ó di dúdú! Ó dúdú bí aró tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹwàá! Mo lọgun, mo tún pa ẹnu mi dé. Mo rò pé mo ti rí aró tuntun tí kò fẹ́ èlú, tí kò fẹ́ eérú, tí kò sì rùn. Mo ti ń rí Ìyá Àgbà tó jókòó sórí àga, tó na ẹsẹ̀, tí kò ní gún èlú mọ́ láyé. Mo fa òwú ya lára aṣọ ìnulẹ̀, mo so áńkáṣíìfù náà ní oníkò, kókó kéékèèké bíi ti àdìrẹ, mo da áyódíìnì sínú àwo, mo rì í, mo tún da díẹ̀ sí i, mo tún rì í. Nígbà tí ojú mi fi máa là, ìgò ti ṣófo.

Àǹtí ní kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ìgò náà sókè, ó yí i bírí. "Ta ló ṣe èyí?" Ó ní kò sí òmíràn, kò sì sí ibi tí a ti máa rí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àti pé ẹni tó ṣe é kò ní wọ láàbù òun mọ́. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ bà lé mi, olóyè kọ́kọ́rọ́.

Mo ní, "Bóyá alángbá ló dà á nù, Mà."

Sikírá ní, "Alángbá inú ìgò?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó kàn ní, "Mú un lọ sílé. Kí o máa wò ó." Ì bá sàn kó nà mí.

Mo délé, mo jókòó sẹ́bàá ògiri, mi ò jẹun. Ìyá Àgbà rí etí áńkáṣíìfù náà tó yọ lápò mi. Ó na ọwọ́, mo gbé áńkáṣíìfù lé e lọ́wọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbóòórùn aṣọ náà, ó fi omi ra á díẹ̀, ó wo bí àwọ̀ ṣe ń ṣàn lọ. "Aró ọ̀lẹ," ó ní. "Ohun tó bá yára dúdú báyìí, á yára lọ." Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi omi náà ṣe gan-an nílé-ìwé. Mo ṣàlàyé awọ àlùbọ́sà fún un.

"Àlùbọ́sà lẹ fẹ́ pa láró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi já bọ́. "Olùkọ́ yín ń wá aláró, ọmọ aláró wà níwájú rẹ̀, ó ń purọ́ mọ́ alángbá!" Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní òun máa gbé aró wá. "Ṣùgbọ́n gbọ́, ọkọ mi. Mi ò ní gbé ìkòkò mi lọ sídìí irọ́. Kí n tó ṣí i, ẹnu rẹ ni yóò kọ́kọ́ là."

Ẹ rí i, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Bí n kò bá jẹ́wọ́, aró kò ní wá, kò sí ẹnì kan nínú wa tí yóò rí sẹ́ẹ̀lì. Bí mo bá jẹ́wọ́, gbogbo wọn á rí i, èmi á wà níta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbà bu aró láti inú ìkòkò tó ti gbó jù, èyí tí agbára rẹ̀ ti rọ̀ tí kò ní jẹ awọ àlùbọ́sà, sínú ìkòkò kékeré kan, ó dé e, ó fi aṣọ so ó pọ̀, a sì gun ọ̀kadà. Èmi wà lẹ́yìn, òun wà láàárín, ìkòkò wà lórí itan rẹ̀. Ọlọ́kadà náà ń yínmú. "Àlhájà, kí lẹ gbé sẹ́yìn mi tó ń rùn báyìí?" Ìyá Àgbà ní, "Ẹlẹ́mìí ni. Rọra gba inú kòtò, kó má baà bì sí ọ lẹ́yìn." Bí ọlọ́kadà yẹn ṣe ń rọra lọ títí a fi kọjá Ṣàpọ́n, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wá sílẹ̀.

Bí a ṣe wọ láàbù, gbogbo ọwọ́ lọ sí imú. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ káàárọ̀, Mà, ẹ kú ọ̀nà." Ìyá Àgbà dá a lóhùn, ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó wá gbọ́wọ́ lé ìdérí rẹ̀, ó wò mí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo da áyódíìnì, pé mo fi rẹ aṣọ, pé kì í ṣe alángbá. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, mo fi sórí tábìlì. Mo gbọ́ Sikírá lẹ́yìn: "Alángbá ti jẹ́wọ́ o."

Àǹtí fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò. Ó ní, "Dúró síbẹ̀ ná." Mi ò mọ̀ bóyá inú ni mo wà tàbí ìta.

Gbogbo wa bó àlùbọ́sà, omi ń dà lójú wa, Ìyá Àgbà wá ṣí ìkòkò. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ awọ àlùbọ́sà sínú omi lásán, nítorí ohun gbígbẹ kì í mu aró dọ́gba. Ó fi ìka méjì mú awọ kan, ìka tí èékánná rẹ̀ ti di aró láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ó rì í jẹ́jẹ́, ó ń ka nǹkan lábẹ́nu, ó fà á jáde. Kò dúdú. Ewé ló jọ, àwọ̀ ewé tó rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ṣe "Hùn ùn," bí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ gólù lọ. Mo ní irọ́ mi ti pa á.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Ìyá Àgbà ní. "Inú ìkòkò kọ́ ni aró ti ń dúdú. Ìta ni. Ẹ jẹ́ kó mí."

Ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Lójú gbogbo wa, awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti etí rẹ̀ wá, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ojúmọ́ ń mọ́, títí ó fi di àwọ̀ ojú ọ̀run. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Àgbà tún rì í lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó ṣàn án, Àǹtí tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó fi sábẹ́ maikirosikóòpù, ó gbé ojú lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ń tàn bíi tọmọdé.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ohun tí àlùbọ́sà fi kọ́ ògiri yàrá rẹ̀, òun náà ni ohun tó wà lára òwú, ìdí nìyẹn tí aró fi mú un bó ṣe ń mú aṣọ. Ó ní àwọn ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí ló wà nínú ìkòkò yẹn, pé àwọn ló ń gba afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ, ni aró kì í fi í dúdú níbẹ̀. Kò tilẹ̀ ya Ìyá Àgbà mi lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé mo ti ń wí i! Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ pé ó ń mí?" Àǹtí gbà fún un. Ó tún sọ pé sítáàsì ẹ̀gẹ́ ara áńkáṣíìfù mi ló sọ áyódíìnì di dúdú, pé ká ní mo fi sùúrù bèèrè, odidi ẹ̀kọ́ kan ni mo ti fi ọwọ́ ara mi rí yẹn. Ó ní, "Wá yà á."

Èmi ni mo kọ́kọ́ wò ó lẹ́yìn olùkọ́. Ìlà aláró, ìlà aláró, yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, wọ́n fara ti ara wọn. Mo yà á sójú pátákó. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù wò ó tẹ̀lé mi, Ìyá Àgbà ló gbẹ̀yìn. Ó dijú kan, ó la kan, ó lanu. "Haà! Òrùlé Ìtòkú nìyí, bí ìgbà tí èèyàn dúró lórí Olúmọ! Ilé wa dà níbẹ̀?"

Wọn kò dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi o. Sikírá ni wọ́n gbé e fún, ó sì fi yọ mí lẹ́nu títí a fi ṣe tán. Ṣùgbọ́n mi ò gbé àga mi lọ síbì kankan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bàọ́lọ́jì.

Mi ò di nọ́ọ̀sì, mi ò di dókítà. Mo ṣe ìdánwò àṣejáde, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo padà sídìí àdìrẹ. Tí ẹnì kan bá ní ìwé mi já sófo, mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ọmọ mi bá ní ibà, mo mọ ohun tó ń bá a jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Sikírá wà ní Itori, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé níbẹ̀, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn lórúkọ mi. Ìyá Àgbà ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ ní àwọn fọ èékánná rẹ̀ títí, aró kò lọ. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkòkò márùn-ún ti lọ nínú mẹ́fà. Kí n má tàn yín, aró onílẹ́bú, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, lèmi náà ń lò lọ́pọ̀ ọjọ́, oníbàárà kò lè dúró de èlú. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan wà lẹ́yìnkùlé tí mo ń fún ní eérú, tí mo sì ń dẹtí sí. Áńkáṣíìfù yẹn náà wà. Dúdú ti áyódíìnì kò lo oṣù kan tó fi parẹ́, bí Ìyá Àgbà ṣe wí. Òun ló tún un pa láró, ọmọ mi ló ń mú un lọ sílé-ìwé báyìí.

Nítorí náà, lánàá, mo pa iná ọbẹ̀. Mo mú ọmọ mi lọ́wọ́ àti awọ àlùbọ́sà rẹ̀, a lọ sẹ́yìnkùlé. Ó di imú. A rẹ awọ náà sínú omi, a rì í, mo fà á jáde. Ó wò ó, ojú rẹ̀ fà ro. "Mọ́mì, kò dúdú."

Mo ní, "Jẹ́ kó mí."

Nígbà tó yí padà tán, tí ọmọ náà pariwo tán, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kékeré, mo kán omi bín-ín-tín sójú kámẹ́rà fóònù mi kó lè sọ nǹkan di ńlá, ohun tí Àǹtí ì bá gbádùn ká ní a mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì gbé e sún mọ́ ọn. Àwọn ìlà aláró yẹn jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú fóònù. Ó gbé ojú lé e.

"Mọ́mì, ilé ni. Ilé pọ̀ níbẹ̀. Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Mo fi ìka kan ọ̀kan ní àárín, èyí tí aró mú jù lọ. Mo ní, "Ìyá Àgbà mi."